Àbá Keje lórí Ọ̀nà Òkè Sawtelle

Ní ìlú Eddis Mills, ní ìpínlẹ̀ Vermont, ẹnikẹ́ni kì í bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ìlú. Alága ni gbogbo ènìyàn ń bá sọ̀rọ̀. Bí aládùúgbò rẹ bá fẹ́ pè ọ́ ní òpùrọ́, alága ni yóò sọ ọ́ fún; bí ìwọ náà bá sì fẹ́ dá a lóhùn, alága ni ìwọ yóò kọjú sí, tí ìwọ yóò sì wí fún un pé ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ṣáájú ti ṣì ọ́ gbọ́. Ìlànà yìí ni kì í jẹ́ kí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tí wọn yóò tún pàdé lójú ọ̀nà lọ́la, tí ọ̀kan yóò sì fẹ́ kí èkejì bá òun fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀.

Elwin Cutting ni alága. Àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọdé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò yàn án ti ń gbé ọmọ tiwọn lọ́wọ́ wá sí ìpàdé báyìí. Ọkùnrin tí kì í ṣe àṣejù ni, kì í sì í gba àṣejù lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kì í dá sí ọ̀rọ̀. Kì í sì í dìbò, àfi bí ìbò bá dọ́gba. Òòlù onígi kékeré kan wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, bí ó bá sì fi lu tábìlì, ajá tí ó wà níta pàápàá a dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹta ọdún yìí, ọkàn alága kò balẹ̀. Àbá keje ni kò jẹ́ kí ó balẹ̀.

Àbá náà kúrú. Ó ní kí ìlú ṣíwọ́ kíkó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà Òkè Sawtelle ní ìgbà òtútù. Ilé kan ṣoṣo ni ènìyàn ṣì ń gbé lórí òkè náà. Royce Cutting, ẹ̀gbọ́n Elwin, ni ó ń gbé inú rẹ̀. Kò gbé ìyàwó rí. Àgùntàn díẹ̀ ni ó ní, àti igbó tí bàbá wọn fi sílẹ̀, tí ó kún fún igi mépù tí wọ́n ń gba omi adùn lára rẹ̀ láti sè. Bí ìlú bá gba àbá náà wọlé, kò sí bí Royce ṣe lè lo ìgbà òtútù tí ń bọ̀ lórí òkè. Yóò di dandan kí ó sọ̀kalẹ̀ wá.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, yàtọ̀ sí Gaylene Fontaine tí í ṣe olórí ìgbìmọ̀ ìlú, ni pé Elwin fúnra rẹ̀ ni ó béèrè fún àbá keje.

Ní oṣù Kìíní, Royce yọ̀ ṣubú nídìí igi ìdáná rẹ̀, ó sì pẹ́ kí ó tó lè dìde. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Dókítà ẹran ọ̀sìn tí ó lọ wo àgùntàn rẹ̀ ni ó rí i bí ó ti ń tiro, òun ni ó sì sọ fún Lucille, ìyàwó Elwin. Lucille kò wí púpọ̀. Ó kó ẹrù kúrò nínú yàrá ìsàlẹ̀, ó fi ọ̀dà kun ún, ó tẹ́ ibùsùn síbẹ̀.

"Lọ pè é wá," ni ó wí fún ọkọ rẹ̀.

Elwin kò lọ. Kì í ṣe pé kò fẹ́. Kò mọ bí wọ́n ti í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ilé tí a ti tọ́ wọn dàgbà, bàbá wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé òun fẹ́ kí ó wà lọ́dọ̀ òun. Dípò kí Elwin gun òkè lọ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ilé Gaylene ni ó lọ, ó sì fi ohùn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣàlàyé fún un pé ó yẹ kí ìlú yẹ ohun tí ó ń ná lórí ọ̀nà onílé-kan wò. Lérò tirẹ̀, bí òfin bá ti ọ̀nà, Royce yóò sọ̀kalẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí ó bẹ ẹnikẹ́ni.

Gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé. Bàtà kálukú ti gbé ẹrẹ̀ wọlé. Òórùn kọfí, àti ti ẹ̀wà tí a fi omi adùn igi mépù sè, ń ti yàrá oúnjẹ wá. Corinne Laramie, tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìjọba àti ọrọ̀ ajé, ti lẹ páálí aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ ògiri yíká, àwọn ọmọ náà ni wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sára àwọn páálí náà. Owó orí: owó tí gbogbo wa dá jọ láti ra ohun tí ẹnì kan kò lè dá rà. Àìtó: ohun tí a fẹ́ pọ̀ ju ohun tí a ní lọ, nítorí náà a ní láti yan. Ohun ìlò gbogbogbò: ohun tí a kò lè sọ fún ẹnì kan pé kó má lò. Ọ̀pọ̀ ìbò: ìhà tó borí; ẹni tó pàdánù ṣì jẹ́ ará ìlú. Elwin ti ka gbogbo wọn kí àwọn ènìyàn tó dé, kò sì rí àṣìṣe kankan tí yóò fi lẹ́ẹ̀dì fàlà sí lábẹ́ nínú wọn.

Àbá kìíní títí dé ìkẹfà lọ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀, àyàfi pé wọ́n pẹ́ díẹ̀ lórí àwọ̀ ọ̀dà tí wọn yóò fi kun ilé panápaná. Lẹ́yìn náà ni Elwin ka àbá keje. Ó kà á láìgbé ojú sókè.

Gaylene dìde. "Gaylene Fontaine, Ọ̀nà Afárá. Alága, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ọ̀nà yẹn gùn, òkè ni, ilé kan ló sì wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Dwight bá wa ọkọ̀ tó ń kó yìnyín lọ sókè, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á máa dúró dè é."

Dwight Perrault, awakọ̀ náà, dìde láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. "Dwight Perrault, ẹ̀yìn ilé panápaná. Alága, èmi ò sọ pé mi ò lè gùn ún o. Mo kàn ń sọ pé gbogbo ìgbà tí mo bá débẹ̀, Royce á ní mo ti gbá àpótí lẹ́tà òun ṣubú."

"Ó gbá a ṣubú lóòótọ́," ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn.

Elwin kan òòlù. "Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò dìde, yóò sì sọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ohùn Royce.

"Burleigh Stokes, Ọ̀nà Odò," ni àgbẹ̀ kan tí ó ní màlúù wí bí ó ti ń dìde. "Alága, àwọn ọmọ ti bá wa yanjú ẹ̀. Ẹ wo páálí pupa yẹn. Àìtó. Ọkọ̀ kan la ní, awakọ̀ kan la ní, òun gan-an sì ti ń darúgbó."

"Mo ń gbọ́ ẹ o," ni Dwight wí.

Òòlù tún dún.

"Mo fẹ́ràn Royce," ni Burleigh ń bá a lọ. "Àmọ́ àwọn màlúù mi ò mọ̀ pé mo fẹ́ràn Royce. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n fẹ́ kí n fún wàrà wọn, ọkọ̀ tó ń wá gbé wàrà yẹn sì gbọ́dọ̀ rọ́nà gbà."

Àwọn kan mi orí sí i. Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí, Elwin sì rí i pé ó ń wọ àwọn ènìyàn létí.

Royce dìde. Ó ga ju gbogbo àwọn tí wọ́n wà ní ìlà rẹ̀ lọ, ó sì fi ọwọ́ di ẹ̀yìn àga tí ó wà níwájú rẹ̀ mú.

"Royce Cutting, Òkè Sawtelle. Ẹ tètè kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó pa rẹ́." Ó dúró kí ẹ̀rín wọn tó rọlẹ̀. "Alága, látìgbà tí mo ti ń san owó orí nílùú yìí ni mo ti ń sanwó iléèwé. Mi ò bímọ kankan. Burleigh bí mẹ́fà."

"Márùn-ún," ni Burleigh wí.

"Alága, ẹ bá mi sọ fún un pé tí mo bá wo bí wọ́n ṣe ń jẹ ápù mi tán lórí igi, mẹ́fà ni. Mi ò ráhùn rí o. Mo mọ̀ pé ẹni tó máa wakọ̀ wá kó yìnyín fún mi, iléèwé yìí náà ló ti máa jáde. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo san tiyín, ẹ san tèmi. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ohun tí kálukú ń lò nìkan la fẹ́ máa san báyìí, kò burú. Kí Burleigh dá owó ìwé àwọn ọmọ ẹ̀ padà fún mi, màá fi ra ọkọ̀ yìnyín tèmi, màá sì máa wà á kọjá lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ láìdúró."

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Burleigh náà pàtẹ́wọ́, díẹ̀. Elwin kò lè pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ wú. Ó ní láti wo òòlù rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ìwúrí náà má bàa hàn lójú rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ dáadáa yìí ni òun fẹ́ lé kúrò nílé.

"Ó ku ìbéèrè kan, Alága," ni Royce wí. "Ìwé tí wọ́n fi pe ìpàdé yìí sọ pé ará ìlú kan ló béèrè fún àbá yìí. Ta ni?"

Gaylene wo ife kọfí rẹ̀. Ó wo òrùlé. Ibi gbogbo ni ó wò, àfi orí àga alága. "Alága," ni ó wí, "kò sí òfin tó ní kí ìgbìmọ̀ dárúkọ ẹni náà."

Òótọ́ ni ó sọ. Kò sí òfin bẹ́ẹ̀. Bí Elwin bá kan òòlù lẹ́ẹ̀kan péré, tí ó sì wí pé ìbéèrè náà kò sí lára àbá, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ó ti pa ẹnu àwọn ènìyàn dé nítorí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé òòlù sókè. Nígbà náà ni ó rí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ẹ̀yìn àga, bí ó ti dì í mú gírígírí. Royce ti dúró pẹ́ jù lórí ẹsẹ̀ tí ń dùn ún, kò sì ní jókòó títí a ó fi dá a lóhùn.

Elwin rọra gbé òòlù náà kalẹ̀. Kò dún.

"Alága fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àbá yìí," ni ó wí. "Nítorí náà, alága ní láti kúrò lórí àga. Corinne, jọ̀wọ́, wá bá mi dì í mú."

Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Lucille, tí ń hun ibọ̀sẹ̀ láti àárọ̀ láìwo ọwọ́ rẹ̀, dá iṣẹ́ náà dúró. Corinne jáde láti ìlà àwọn olùkọ́, ó jókòó sórí àga náà bí ẹni tí ó jókòó sórí ohun tí ó gbóná, Elwin sì sọ̀kalẹ̀ wá sí àárín àwọn ènìyàn. Láti ibẹ̀, àga náà ga ju bí ó ti rò lọ.

"Mo fẹ́ sọ pé," ni ó bẹ̀rẹ̀.

"Orúkọ yín àti àdírẹ́sì, sà," ni Corinne wí.

Ẹ̀rín bú jáde. Elwin wò ó. "Corinne, o mọ ilé mi."

"Ẹ̀yin lẹ ṣòfin yẹn, sà. Kì í ṣèmi."

"Elwin Cutting. Ọ̀nà Ilé Ìfìwéránṣẹ́." Ó mí kanlẹ̀. "Èmi ni mo béèrè fún àbá keje."

Àwọn ènìyàn kùn. Elwin yíjú sí ẹ̀yìn, sí ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró sí. "Royce, mo..."

Òòlù dún. Ó dún ju bí ó ti í dún lọ́wọ́ Elwin lọ.

"Alága lẹ máa bá sọ̀rọ̀, sà," ni Corinne wí.

"Ẹ má bínú," ni Elwin wí, ó sì kọjú sí i padà.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé Corinne Laramie, tí Elwin tó bí lọ́mọ, ni ó sọ gbogbo rẹ̀ fún.

"Alága, ẹ̀gbọ́n mi ṣubú ní oṣù Kìíní, kò sọ fún mi. Dókítà àgùntàn ló sọ fún ìyàwó mi. Látìgbà yẹn, tí yìnyín bá ti ń bọ́, mi ò lè sùn. Màá dìde lọ dúró lójú fèrèsé. Ẹ lè rí iná ilé ẹ̀ láti ilé wa tójú ọ̀run bá mọ́. Tí mi ò bá rí i, mi ò mọ̀ bóyá yìnyín ló bò ó mọ́lẹ̀ ni, àbí..." Ó tún ọ̀rọ̀ náà mú. "Yàrá kan wà nílé wa. Mo fẹ́ kó wá máa gbébẹ̀. Kì í ṣe nítorí owó ìlú. Mo kàn fẹ́ kó wà nítòsí mi. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún un, mo wá ní kí ìlú bá mi sọ ọ́. Kò dáa bẹ́ẹ̀. Mo ti parí."

Corinne ń yí òòlù ká lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Alága ti gbọ́," ni ó wí níkẹyìn. Ẹnì kan ń fọn imú lẹ́yìn.

Royce kò tíì jókòó. "Ìyáàfin Alága, ẹ bá mi bi ẹni tó sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn pé àwọ̀ wo ni wọ́n fi kun yàrá náà."

"Àwọ̀ ewé," ni Lucille wí láti ìjókòó rẹ̀, láìsọ orúkọ tàbí àdírẹ́sì. Corinne ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ràn àwọ̀ ewé." Royce yí ẹsẹ̀ padà. "Ẹ bá mi sọ fún un pé òótọ́ ni, mo ṣubú. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń wojú ọ̀run, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé Elwin á fi mí ṣẹ̀sín títí di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí mo ráyè dìde, mo wọlé, mo se kọfí, mo jókòó, mò ń retí Elwin. Alága, ọ̀nà tí Dwight ń kó yìnyín ẹ̀ yẹn, kì í ṣe pé èèyàn ń gbabẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nìkan. Èèyàn lè gbabẹ̀ gòkè. Ẹ bi í pé ìgbà mélòó ló gbabẹ̀ láti Kérésì."

Corinne wo Elwin. "Ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú lè dáhùn," ni ó wí jẹ́jẹ́, "tó bá wù ú."

Elwin wo páálí tí ó wà lókè orí Corinne, ṣùgbọ́n kò rí ohun tí a kọ sí i. Ó ti mọ̀ láti oṣù Kìíní pé ẹ̀gbọ́n òun ń tiro. Ọ̀nà mọ́ tónítóní. Ọkọ̀ rẹ̀ wà lẹ́nu ilé.

"Mi ò gbabẹ̀ rárá, Alága," ni ó wí.

"Tí ẹ bá wá ti ọ̀nà náà," ni Royce wí, "á ní àwáwí tó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti parí." Ó rọra jókòó, ó kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ kan síwájú.

Burleigh ni ó dìde. "Burleigh Stokes, Ọ̀nà Odò. Alága, ẹ jẹ́ ká dìbò. Ebi ń pa mí, ẹkún sì ń gbọ̀n mí."

Corinne nàró lórí àga. "Ẹni tó bá fara mọ́ àbá keje, kó wí pé bẹ́ẹ̀ ni."

Ohùn díẹ̀ dáhùn. Ti Burleigh dún ketekete, nítorí pé àwọn màlúù rẹ̀ kò tíì yí ọkàn padà. Ohùn obìnrin kan tẹ̀ lé e láti apá òsì, Elwin sì yíjú wò ó. Lucille ni. Iwájú ni ó ń wò, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ibọ̀sẹ̀ náà.

"Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó wí pé rárá."

Elwin kò tíì fi ohùn dìbò nínú gbọ̀ngàn náà láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Ó wí pé rárá sí àbá tirẹ̀, ó sì wí i sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ọwọ́ kan fi ta gìrì, ṣùgbọ́n ohùn àwọn yòókù bò ó mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Rárá ló borí," ni Corinne wí. "Àbá keje ti ṣubú. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun."

Ní yàrá oúnjẹ, Royce ti bu ẹ̀wà, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti makaróní oníwàràkàṣì sínú àwo kan, ó sì jókòó sí ìpẹ̀kun tábìlì gígùn. Elwin gbé páì ápù méjì wá, ó gbé ọ̀kan síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó jókòó. Kò sí alága láàárín wọn mọ́, èyí kò sì rọrùn.

"O ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èmi ni," ni Elwin wí.

"Gaylene ò lè purọ́. Látoṣù tó kọjá, tó bá ti rí mi, ńṣe ló ń kí mi bí ẹni tó wá kí aláìsàn."

"Kí ló dé tó o fi béèrè níwájú gbogbo èèyàn?"

"Torí pé ibẹ̀ nìkan lo ti máa ń dáhùn." Royce gé ẹran, ó jẹ ẹ́. "O sọ ọ́ dáadáa. Mi ò mọ̀ pé o lè sọ ọ́."

Elwin ń fi ṣíbí ti páì rẹ̀ kiri inú àwo. "Ọjọ́bọ̀," ni ó wí. "Màá wá lọ́jọ́bọ̀."

"Omi igi mépù á ti máa ṣàn dáadáa nígbà yẹn. Mo nílò ẹni tó máa máa kó igi síná. Sùn síbẹ̀. Ibùsùn òkè dáa, o kàn máa gbé ológbò kúrò lórí ẹ̀."

"Lucille ńkọ́?"

"Mú un wá. Mo fẹ́ bi í pé kí ni mo fi ṣe é tó fi dìbò kí wọ́n ti ọ̀nà mọ́ mi."

"Ó ti kun yàrá náà. Kò fẹ́ kí ọ̀dà ẹ̀ ṣòfò."

"Kó tún un kùn," ni Royce wí. Ó fa páì náà sún mọ́ ara rẹ̀. "Mi ò sọ pé mi ò ní wá láéláé. Mo ní mi ò fẹ́ràn àwọ̀ ewé."

Nígbà tí aago ilé-ẹ̀kọ́ dún pé kí wọ́n padà, Corinne wá bá wọn lórí ìjókòó, ó na òòlù sí Elwin. "Ẹ̀ ń bọ̀ lórí àga, sà?"

Elwin wo òòlù náà. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó ti ń wá ibi tí yóò fi ọwọ́ tì kí ó tó dìde. Ó fi èjìká fún un. "Bá mi darí àbá kan sí i," ni ó wí fún Corinne.

Ìlà ẹ̀yìn ni àwọn méjèèjì jókòó sí. Àbá kẹjọ dá lórí ẹ̀rọ tuntun tí wọn yóò máa fi gé koríko itẹ́ òkú. Royce ní kí wọ́n rà á; Elwin sọ sí i létí pé èyí tí ó wà nílẹ̀ kò tíì gbó. Royce ní kí ni Elwin mọ̀ nípa ẹ̀rọ, ẹni tí ó gé okùn iná ilé bàbá wọn nígbà tí ó ń gé koríko. Elwin ní Royce ni ó gé okùn iná náà. Royce ní irọ́ ni.

Corinne kan òòlù. Ó ní kí àwọn ọ̀gbẹ́ni méjèèjì tí wọ́n wà ní ìlà ẹ̀yìn bá alága sọ̀rọ̀, tàbí kí wọ́n jáde lọ parí ọ̀rọ̀ wọn níta.

Wọ́n jáde lọ.